DÙÙRÙ ÀFẸNUFỌN ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ Ọ NÍ Ọ̀RỌ̀ SÍSỌ

Ohun èlò orin kan ń bẹ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi í sí àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má sì mọ̀. Kò ní okùn bí gòjé, kò ní awọ bí ìlù, a kì í sì í fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ni a fi ń fọn ún. Nítorí náà ni àwa yóò ṣe máa pè é ní dùùrù àfẹnufọn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pè é ní hàmóníkà. Àwọn àgbàlagbà tí kò kà á sí ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ kò kéré ní iye. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìtàn ohun kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Ṣáínà, ó gba ilẹ̀ Jámánì kọjá, ó sì la òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú sì ti fa ohùn jáde nínú rẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí a bá ṣe ohun èlò kan tán, ta ni ó ni ohùn rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó ṣe é ni, tàbí ẹni tí ó fi èémí ara rẹ̀ fọn ún? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni ìbéèrè yìí, nítorí oúnjẹ ọkùnrin kan àti orúkọ rere rẹ̀ wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

ÌPILẸ̀ṢẸ̀ AHỌ́N IDẸ

Bí a bá tú dùùrù àfẹnufọn kan wò, ohun tí a óò bá nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Igi pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀ tí a gé eyín sí bí òòyà. Àwo idẹ méjì bò ó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sì ni ìbòrí rẹ̀ lóde. Lára àwọn àwo idẹ wọ̀nyí ni a gé àwọn ojú tóóró sí. Lórí ojú kọ̀ọ̀kan ni a sì kan ahọ́n idẹ kékeré kan mọ́ ní orí kan, tí a fi orí kejì sílẹ̀ kí ó lè máa mì. Bí èémí bá fẹ́ gba ojú náà kọjá, ahọ́n a gbọ̀n jìnnìjìnnì, a wọ inú ojú náà, a sì tún jáde, láìfi ara kan etí rẹ̀. Gbígbọ̀n yìí ni ó ń di ohùn. Ahọ́n tí ó gùn a máa dún nísàlẹ̀. Èyí tí ó kúrú a máa dún lókè. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju èyí lọ.

Ní ìhà ìlà-oòrùn Asia ni ọgbọ́n ahọ́n yìí ti pẹ́ jù lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní sheng, èyí tí í ṣe ìdì ọ̀pá ọparun tí a tò sínú akèrègbè kan, tí a sì fi ahọ́n sí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. A lè fẹ́ èémí sí i, a sì lè fa èémí láti inú rẹ̀, ohùn yóò sì máa jáde ní ọ̀nà méjèèjì. Ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn tú ibojì ìjòyè ayé àtijọ́ kan, Marquis Yi ti Zeng, ní agbègbè Hubei, wọ́n bá sheng láàárín àwọn ohun èlò orin tí a sin pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 433 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni a sì sin ọkùnrin náà. Ẹ wò bí ó ti pẹ́ tó!

Ní àárín ọdún 1770 sí 1780, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amiot, tí ó ń gbé ní Peking, fi sheng ránṣẹ́ sí Paris. Ní àkókò yìí náà ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé ti St. Petersburg ní Rọ́ṣíà kéde ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa pe fáwẹ́lì márùn-ún, a, e, i, o, u, bí ẹnu ènìyàn ti ń pè wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kratzenstein, ọmọ Jámánì tí ó ń kọ́ni ní Copenhagen, ni ó gba ẹ̀bùn náà ní ọdún 1780. Irú ahọ́n tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó lò, tí ó sì fi sí ìdí àwọn ọ̀pá tí ó gbẹ́ ihò wọn ní oríṣiríṣi bí ihò ẹnu ti ń yí padà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Kí olùkàwé fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí i: nígbà tí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ dá ọwọ́ lé ahọ́n yìí, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó máa sọ.

Níti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe dùùrù àfẹnufọn gan-an, àwọn òpìtàn kò fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó dárúkọ Christian Friedrich Ludwig Buschmann, ọmọdékùnrin ará Jámánì, pé ní ọdún 1821, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ni ó ṣe ọ̀kan. Àwọn mìíràn sì wí pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ohun tí ó dájú ni pé kí ọdún 1830 tó dé, a ti ń ṣe é, a sì ti ń tà á ní Vienna. Ní ìlú yìí kan náà ni Cyril Demian sì ti gba ìwé àṣẹ lórí àkọ́díọ̀nù ní ọdún 1829, èyí tí í ṣe ọmọ ìyá dùùrù àfẹnufọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò afẹ́fẹ́ ni a ń fi ọwọ́ fà tí a sì ń fi ọwọ́ tì nínú tirẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè nàka sí àyà pé òun nìkan ni ó dá ohun èlò yìí sílẹ̀.

ÌLÚ TROSSINGEN

Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù Jámánì, ní ilẹ̀ Württemberg, tí à ń pè ní Trossingen. Ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá púpọ̀, òtútù rẹ̀ sì gùn. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a ṣe máa wá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò máa ṣe nínú ilé nígbà tí yìnyín bá bo oko wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú náà ti wí, ní ọdún 1827 ni Christian Messner bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dùùrù àfẹnufọn níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ sì fi ọgbọ́n iṣẹ́ náà pamọ́ fún àwọn ará òde. Ṣùgbọ́n Matthias Hohner, oníṣẹ́ aago, ẹni tí a bí ní ọdún 1833, rí ọ̀nà láti mọ bí a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1857 ni ó fi aago sílẹ̀ tí ó dojú kọ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú aya rẹ̀ àti ẹni díẹ̀ tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún kìn-ín-ní náà, 650 ni iye tí wọ́n ṣe.

Hohner kì í ṣe ẹni tí ó mọ orin jù lọ ní Trossingen, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Ó fín orúkọ ara rẹ̀ sí ìbòrí gbogbo èyí tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kí olùrà lè mọ̀ ọ́n kí ó sì tún béèrè rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ará Jámánì tí ó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà pọ̀, àárò ilé sì ń sọ wọ́n. Nítorí náà ní àwọn ọdún 1860 sí 1870 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ní ọdún 1887 iye tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní ọdún kan ti lé ní mílíọ̀nù 1. Ní ọdún 1896 wọ́n gbé irú kan jáde tí wọ́n pè ní Marine Band, oníhò 10. Irú yìí ni ó sì di àyànfẹ́ àwọn afọn-dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Hohner kú ní ọdún 1902. Ní ayé àwọn ọmọ rẹ̀, ní àárín ọdún 1920 sí 1930, ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ju mílíọ̀nù 20 lọ ní ọdún kan. Wọ́n sì ra ilé iṣẹ́ ìdílé Messner pàápàá, àwọn tí ó ti ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni a ń gbé lọ sí inú ilé àwọn ará ìlú àti àwọn ìletò tí ó yí i ká, níbi tí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ti ń bá wọn ṣe é. Ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ kan wà ní Trossingen tí a fi sọrí ohun èlò yìí.

BÍ A TI TO OHÙN INÚ RẸ̀

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí, nítorí láìjẹ́ pé a mọ bí a ti to ohùn inú dùùrù àfẹnufọn, a kò lè mọ iyì àwọn tí ó fọn ún. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti jókòó láàárín ẹgbẹ́ akọrin rí, tí ó sì mọ do, re, mi, kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀.

Oníhò 10 ní ahọ́n 20, méjì méjì nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan a dún nígbà tí a bá fẹ́ èémí sí i, èkejì a dún nígbà tí a bá fa èémí mọ́ra. Ètò tí a ń lò jù lọ ni a ń fi orúkọ Richter pè, ará Bohemia. Bí a bá ń fẹ́ láti ihò kìn-ín-ní dé ìkẹwàá, ohun tí a óò gbọ́ ni: do, mi, sol, do, mi, sol, do, mi, sol, do. Bí a bá sì ń fà, a ó gbọ́: re, sol, ti, re, fa, la, ti, re, fa, la.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Níbikíbi tí a bá gbé ẹnu sí, tí a sì fẹ́ ihò mẹ́ta pọ̀, ohùn mẹ́ta tí ó bá ara wọn mu ni yóò jáde. Bí a bá fa ihò méjì sí mẹ́rin, irú ìṣọ̀kan ohùn kejì ni yóò jáde, èyí tí ó wà lórí sol. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Jámánì púpọ̀ kò fẹ́ ju méjèèjì yìí lọ. Nítorí náà, àní ẹni tí kò kọ́ orin rí yóò fọn ún ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì ní í dá ohùn rú.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní iye tí a san fún un. Láàárín nìkan, láti ihò kẹrin dé ìkeje, ni gbogbo ohùn méje ti pé. Nísàlẹ̀, fa àti la kò sí rárá. Lókè, ti kò sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin kan nísàlẹ̀ yóò dé ibì kan, yóò sì bá àlàfo, bí ẹni tí ń gun àkàbà tí ìdábùú méjì ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Richter ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni Hohner sì tà á fún gbogbo ayé.

ỌNÀ TÍ A Ń GBÀ FỌN ÚN

Ọ̀nà ìṣáájú ni a lè pè ní fífọn gbọọrọ. Do ni ilé orin, fífẹ́ ni ó sì ń gbé e. Afọn-dùùrù a fi ahọ́n ara rẹ̀ dí ihò mélòó kan, a sì jẹ́ kí ohùn orin jáde ní igun ẹnu rẹ̀. Bí ó ti ń bá orin lọ, a máa gbé ahọ́n sókè, a sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìdọ́gba, kí ìṣọ̀kan ohùn lè máa lù bí ìlù lábẹ́ orin náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ń dá ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Orin ijó àwọn àgbẹ̀ àti orin ìsìn ni wọ́n fi ọ̀nà yìí kọ jù lọ ní Jámánì.

Nígbà tí dùùrù àfẹnufọn dé ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, owó pọ́ọ́kú ni a fi ń rà á. Nítorí náà ó tètè bọ́ sí ọwọ́ àwọn tálákà, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Láàárín àwọn ènìyàn dúdú, àwọn tí a ti fi òbí wọn ṣe ẹrú nínú oko òwú àti oko tábà, ni ọ̀nà kejì ti yọ jáde, a kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn wọ̀nyí yí ohun èlò náà po. Wọ́n fi fífẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ilé orin wọn ka orí fífà. Wọ́n sọ sol di do. Nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, fa àtijọ́ a bọ́ sí ipò tí ó yẹ kí ti wà, ṣùgbọ́n a rẹlẹ̀ ju ti lọ ní ìdajì ìṣísẹ̀. Ohùn yìí sì ni ó ń fún orin blues ní adùn kíkorò rẹ̀. Àwọn afọn-dùùrù ń pe ọ̀nà yìí ní fífọn lódì.

Èyí tí ó tún ju èyí lọ ni títẹ ohùn. Nínú ihò kan náà, a ti wí pé ahọ́n méjì wà. Bí ẹni tí ń fa èémí bá yí àyè inú ẹnu rẹ̀ padà, bí ẹni tí ó ti orí pípe i bọ́ sí orí pípe u, ohùn tí ń dún a bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ahọ́n kejì tí ó dún nísàlẹ̀ jù ú lọ a dìde láti bá a dún. Nínú ihò kejì, sol lè sọ̀ kalẹ̀ títí dé fa. Nínú ihò kẹta, ti lè sọ̀ kalẹ̀ dé la, àní ó tilẹ̀ lè kọjá rẹ̀ ní ìdajì ìṣísẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ o! Fa àti la ìsàlẹ̀, tí Richter kò fi síbẹ̀, tí Hohner kò sì mọ̀ pé òun ń tà, wà nínú ihò kejì àti ìkẹta láti ọjọ́ tí a ti kan ahọ́n wọn mọ́ àwo. Ẹnu ẹni tí ó ń fọn ún ni ó wá wọn rí.

Àwa ọmọ Yorùbá kò ní í ṣàì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó bá ti rí i bí onídùndún ti ń fún ọṣán ìlù mọ́ ìhà, tí ohùn rẹ̀ ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ láìdúró lórí ìṣísẹ̀ kan pàtó, mọ̀ pé ohùn tí ń yọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kratzenstein fi ọ̀pá gbígbẹ́ wá, àwọn tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan rí fi ihò ẹnu ara wọn ṣe é: wọ́n mú kí ahọ́n idẹ sọ̀rọ̀. Ó sọkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ènìyàn.

Láti inú èyí ni orin àfarawé ti jáde. Afọn-dùùrù a pàtẹ́wọ́ méjèèjì bo dùùrù, a máa ṣí i, a sì máa pa á dé, ohùn a sì máa ké bí ọmọdé. A ó gbọ́ ajá ọdẹ tí ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. A ó gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tí ń kúrò ní ibùdókọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ní àkọ́kọ́, tí ó ń yára sí i díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń fọn fèrè bí ó ti ń gba ìkóríta kọjá. Èémí fífẹ́ àti fífà nìkan ni gbogbo èyí.

DEFORD BAILEY

Nínú gbogbo àwọn tí ó fọn ọkọ̀ ojú irin, kò sí ẹni tí a gbọ́ òkìkí rẹ̀ tó DeFord Bailey. A bí i ní ọjọ́ 14 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1899 ní Smith County, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Baba-baba rẹ̀, Lewis Bailey, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, jẹ́ atagòjé tí orúkọ rẹ̀ kàn ní agbègbè náà. Nígbà tí DeFord wà ní ọmọ ọdún 3, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì wà lórí ibùsùn ní nǹkan bí ọdún kan. Dùùrù àfẹnufọn ni wọ́n fún un kí ó máa fi ṣeré. Níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, ó ń gbọ́ ajá, ó ń gbọ́ adìẹ, ó ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀nà jíjìn. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń wá. Ó dìde níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò ga rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì WSM bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nashville ní ọdún 1925, a gba DeFord sí ètò orin alẹ́ Sátidé rẹ̀. Orin rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ni èyí tí ó fi ń ṣe àfarawé ọkọ̀ Pan-American, tí ó ń sáré láàárín Cincinnati àti New Orleans. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1927, lẹ́yìn ètò orin ńláńlá àwọn ará Yúróòpù, òun ni ó kọ́kọ́ fọn. Bí ó sì ti parí ni olóòtú ètò náà, George D. Hay, sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan tí ó fi fún ètò tirẹ̀ ní orúkọ titun: Grand Ole Opry. Orúkọ yìí ni gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí títí di òní. Nípa báyìí, èémí ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ó wà ní afẹ́fẹ́ nígbà tí a sọ ètò orin tí ó lókìkí jù lọ láàárín àwọn ará oko Amẹ́ríkà ní orúkọ. Ní ọdún 1928, ó fọn ní ọ̀sẹ̀ 49 nínú 52. Ní ọdún yìí kan náà ni ó fọn sínú àwo giramafóònù fún ilé iṣẹ́ Victor ní Nashville, ọ̀kan nínú àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí a gba orin sínú àwo ní ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú orin lónìí.

Wọ́n a máa mú un rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, nítorí orúkọ rẹ̀ a máa fa èrò. Lórí pèpéle, ọ̀gá ni; ṣùgbọ́n bí orin bá parí, àwọn ilé èrò tí ó gba àwọn aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gba òun, àwọn ilé oúnjẹ kì í sì í jẹ́ kí ó jókòó jẹun, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà ní ìhà gúúsù nígbà náà.

Ní ọdún 1941 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì àti ẹgbẹ́ tí ń gba owó àṣẹ lórí orin. Nítorí ìjà náà, a kò gba DeFord láyè láti fọn àwọn orin rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ní ọdún náà ni wọ́n dá a dúró. Ní ọdún 1945, Hay kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí ó tẹ̀ jáde nípa ètò náà pé ọ̀lẹ ni DeFord, pé kò fẹ́ kọ́ orin titun. Ó sì da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ẹni tí ó wá ní ọ̀sẹ̀ 49 nínú 52!

DeFord kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sí ibi tí ó ti ń dán bàtà ní Nashville, ó sì fi iṣẹ́ náà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí rẹ̀ kò fi mọ ẹni tí ó tẹ̀ ba níwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ 14 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1974, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 75, ó tún fọn dùùrù rẹ̀ lórí pèpéle Grand Ole Opry. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Júláì ọdún 1982. Ní ọdún 2005 ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí Orin Country, ọdún 23 lẹ́yìn tí kò lè gbọ́ ọ mọ́.

ÀWỌN TÍ Ó TẸ̀ LÉ WỌN

Ọ̀nà tí àwọn ẹni àkọ́kọ́ là kò dí. Sonny Terry, afọ́jú, fọn ún ní gbọ̀ngàn Carnegie ní New York ní ọdún 1938, ó ń fi igbe ẹnu ara rẹ̀ kún ohùn dùùrù tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti mọ̀ èyí tí í ṣe ti idẹ àti èyí tí í ṣe ti ọ̀fun. John Lee Williamson, tí a ń pè ní Sonny Boy, gbé e wọ àárín ẹgbẹ́ olórin ní Chicago láti ọdún 1937 títí àwọn ọlọ́ṣà fi pa á ní ọdún 1948. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Little Walter, tí ó gbá dùùrù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ohùn kékeré náà sì bú jáde bí fèrè ńlá. Orin rẹ̀ Juke gba ipò kìn-ín-ní láàárín orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ọdún 1952.

Níti àwọn tí ó fẹ́ kí ohùn gbogbo pé láìtẹ̀ ẹ́, a ṣe irú mìíràn fún wọn, tí ó ní bọ́tìnnì ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá tì í, gbogbo ohùn a gòkè ní ìdajì ìṣísẹ̀. Irú èyí ni Larry Adler fọn, tí ó fi mú un wọ àwọn gbọ̀ngàn àwọn ọlọ́lá. Ní ọdún 1951 Vaughan Williams, ọ̀gá akọrin-sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ orin kan fún un pẹ̀lú ẹgbẹ́ olóhun-èlò-olókùn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí pẹ̀lú. Síbẹ̀, kí a má ṣe gbàgbé pé kí a tó ṣe bọ́tìnnì kankan, àwọn tálákà ti rí ohùn tí ó sọnù náà.

Kí ni kí a wá sọ sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀? Níti àwa, a kò ní í gba iyì Trossingen lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí Messner àti Hohner àti àwọn obìnrin tí ó fi ìka wọn to ahọ́n idẹ nínú ilé nígbà òtútù, kò ní í sí dùùrù tí owó tálákà lè ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ohun èlò ṣe ìdajì rẹ̀ ni. Ìdajì kejì ń bẹ nínú ẹnu ẹni tí yóò fọn ún. Orúkọ Hohner ni a fín sí ara irin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a fín ti DeFord Bailey sí lára rẹ̀, àní kò sí ibi tí a lè fín orúkọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sí, nítorí a kò kọ wọ́n sílẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú ohun èlò tí kò níye lórí lójú yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ díẹ̀ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ sì ńkọ́? Kí a tó pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye ọ̀sẹ̀ tí ó fi wá sí ibi iṣẹ́.